Ọjà Àna Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Bí ẹnì kan bá wà ní Òmù-Àrán tó mọ ọjà ná, Sámúẹ́lì Ọlánípẹ̀kun ni. Kì í ṣe pé ó láhun. Ahun kì í fẹ́ kí owó jáde lápò òun rárá. Sámúẹ́lì ní tirẹ̀ kò kọ̀ kí owó jáde, kó ṣáà ti jàjà kó tó jáde ni. Nígbà tí ìjọ wọn fẹ́ ra pákó tí wọn yóò fi kan àga, òun ni pásítọ̀ rán. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó padà, ohùn sì ti há mọ́ ọn lọ́fun, ṣùgbọ́n pákó tó rà kan àga tán, ó tún ṣẹ́kù fún ilẹ̀kùn.

Abọ́ tánganran àti ike lòwò rẹ̀. Yóò kó wọn láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin, yóò gba Ṣakí kọjá ẹnubodè, ó di Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Dàhòmì. Aṣọ ni í kó bọ̀. Ìjọba ibẹ̀ ti yí orúkọ ilẹ̀ wọn padà sí Bẹ̀nẹ̀ nígbà tí mò ń sọ yìí, ṣùgbọ́n wọn ò bi Sámúẹ́lì léèrè kí wọ́n tó yí i, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ń lọ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Awóyẹmí lorúkọ ọkùnrin náà, ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Èdè Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣe Ìgbómìnà tí Sámúẹ́lì ń sọ, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ẹnu ọ̀kan ń gbé gba ọ̀tọ̀ tí ti èkejì ń gbé gba ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò sí èébú kan tí ọ̀kan bú tí kò yé èkejì.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Awóyẹmí yóò gbé aṣọ kalẹ̀. Sámúẹ́lì yóò fọwọ́ kàn án, yóò gbé e sí imú, yóò wo Awóyẹmí bí ẹni wo òkú eku.

"Awóyẹmí, ṣé aṣọ yìí lo fi ń nu ọkọ̀ ojú irin ni?"

"Òun ni mo fi nù ún. Abọ́ tìrẹ ńkọ́? Ajá mélòó ló ti jẹun nínú ẹ̀ kó o tó gbé e wá?"

Láti ibẹ̀ wọn yóò bá a lọ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Olè ni Sámúẹ́lì, ọ̀kánjúwà ni Awóyẹmí, bàbá tó bí oníkálukú náà kò sì gbẹ́yìn. Tó bá ti wá gbóná gan-an, Sámúẹ́lì yóò dìde, yóò ká agbádá rẹ̀ sórí èjìká, yóò sì máa lọ. Igi máńgòrò kan wà ní oríta, ibẹ̀ ni yóò lọ dúró sí, yóò kọjú sọ́nà bí ẹni pé ẹ̀yìn igi náà gan-an ni Òmù-Àrán wà. Awóyẹmí kì í pè é padà. Láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ló ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé òun kì í pe ẹni tó bá ń lọ padà. Yóò máa gbọn eruku lára aṣọ tí kò ní eruku. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, Sámúẹ́lì á padà dé fúnra rẹ̀.

"Mo gbàgbé fìlà mi," ni yóò wí.

Fìlà yóò wà lórí rẹ̀.

"Mo rí i," ni Awóyẹmí yóò dáhùn, iye tó kàn láti ẹnu rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ díẹ̀. Ọjà yóò gún. Wọn yóò fọwọ́, wọn yóò jẹun nínú abọ́ kan náà, Sámúẹ́lì yóò sì kó aṣọ rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú. Mélòó nínú wa ló rí ẹni tó lè bú wa láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán tí yóò sì tún bu ẹran fún wa?

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ ni ìpàdé.

Ọ̀gá kan ló wá láti Ìlọrin wá bá ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Òmù-Àrán sọ̀rọ̀. Ó wọ kóòtù, ó gbé gíláàsì sójú. Ó ní nísinsìnyí tí Ọlọ́run ti fi epo jíǹkí Nàìjíríà, kí kálukú mú okùn òwò tó so wá pọ̀ mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá, kó fà á, kó le dan-in-dan-in. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan béèrè ìgbà tí omi ẹ̀rọ yóò yọ. Ọ̀gá ní òun yóò fi tó wọn létí, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tún ronú kan ọ̀rọ̀ okùn náà mọ́ àfi Sámúẹ́lì. Sámúẹ́lì gbé e délé, ó gbé e jẹun, ó gbé e sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti rí okùn tó le jù láyé.

"Àna," ló wí fún Eunice ìyàwó rẹ̀. "Okùn wo ló le ju àna lọ? Barnabas ò tíì níyàwó. Awóyẹmí lọ́mọ obìnrin. Tí wọ́n bá fẹ́ra, ta ló tún lè já òwò wa gbà?"

Eunice ń fẹ́ná lọ́wọ́. Ó gbójú sókè.

"Bàbá Barnabas, ẹ ti rí ẹni tó ń bá àna ẹ̀ ná ọjà rí?"

"Àna ló máa jẹ́ kó rẹ owó sílẹ̀ fún mi."

"Àna náà ni ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lè sọ fún un pé kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀."

Sámúẹ́lì ní ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè nìyí o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí ààrò. Eunice ní ó dáa, ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Barnabas, tíṣà ni. Ó ti máa ń bá bàbá rẹ̀ lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ọlidé, kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí ohun tí ẹni tí kò fẹ́ràn ọjà ń wá lọ sọ́jà. Nígbà tí Sámúẹ́lì pè é jókòó, tó tọ́ka sí Nàìjíríà, tó tọ́ka sí Dàhòmì, tó tọ́ka sí ọ̀gá tó wá láti Ìlọrin, tó wá dárúkọ Rónkẹ́ ọmọ Awóyẹmí, kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Barnabas fi ní, "Ẹ ṣé, sà." Sámúẹ́lì yọ̀ pé ọmọ òun lóye òwò tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣe ìdána ní Ṣábẹ̀ẹ́. Sámúẹ́lì àti àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn ará ilé ìyàwó. Ó fi àyà kanlẹ̀ níwájú ọkùnrin tó ti ń pè ní ọ̀kánjúwà láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ti dúdú. Awóyẹmí ní kí wọ́n dìde. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin àna wa àtàtà." Nígbà tí Sámúẹ́lì gbọ́ àtàtà yẹn, nǹkan kan já nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé iyán ni.

Ìgbà tó kó ẹrù lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó ló tó mọ̀ pé kì í ṣe iyán.

Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni Awóyẹmí sáré dìde fún un lórí àga. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n béèrè àlàáfíà ara wọn, wọ́n béèrè ti ìyàwó, ti ọmọ, ti ẹ̀gbọ́n, ti àbúrò, títí tí kò fi sí ẹni tó kù ní ìdílé méjèèjì àfi àwọn òkú. Lẹ́yìn náà Awóyẹmí gbé aṣọ kalẹ̀. Kì í ṣe àǹkárá tí Sámúẹ́lì máa ń rà. Léèsì ni, èyí tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Àna wa, èyí ló yẹ yín."

"Ẹ ṣeun gan-an, àna mi. Èló ni kí n mú wá?"

"Háà! Ta ló ń sọ tówó? Ohun tó bá ti tọ́ lójú yín."

Sámúẹ́lì la ẹnu. Gbogbo ohun tó mọ̀ láti fi fèsì ló wà lọ́fun rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin àti eruku àti bàbá tó bí Awóyẹmí. Ó wo iwájú, ó rí àna. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí ìyàwó ilé Awóyẹmí tó gbé omi wá, tó kúnlẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Bó bá sọ iye tó kéré, wọn yóò ní ojú tó fi ń wo ọmọ àwọn nílé rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ iye tó ju ohun tí léèsì náà tó lọ. Ojú ti Awóyẹmí, ó fi aṣọ mìíràn kún un. Ojú ti Sámúẹ́lì, ó sọ gbogbo abọ́ tó kó wá kalẹ̀, ó ní kí àwọn àna òun fi jẹun. Wọ́n pọ́n ara wọn lé títí tí àwọn méjèèjì fi pàdánù.

Ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá lọ. Bí owó epo ti ń ṣàn nígbà náà, kò dun ẹnikẹ́ni. Àwọn tíṣà ń ra léèsì, akọ̀wé ń rà á, ẹni tó wálé láti Èkó wá sìnkú ń rà á láìbéèrè iye. Àdánù Sámúẹ́lì rí bíi ti ẹni tó ń fi agbọ̀n pọnmi létí odò: ó ń jò, ṣùgbọ́n odò kò kúrò níbẹ̀.

Odò wá gbẹ. Owó epo wálẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ọ̀sítẹ́rítì, ìyẹn ni pé kí kálukú fún ìgbànú, jáde lórí rédíò, ó sì wọ ilé oníkálukú láìkan ilẹ̀kùn. Wọ́n ò san owó oṣù tíṣà. Èèyàn ń tò fún ìrẹsì, wọ́n ń tò fún mílíìkì, wọ́n ń tò fún ọṣẹ. Léèsì wá kún ṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹni tí kò rí ọṣẹ fọ èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀, kí ni yóò fi léèsì ṣe? Àǹkárá tí kò wọ́n làwọn èèyàn ń béèrè, àǹkárá sì wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ súà, lẹ́yìn Awóyẹmí gan-an, lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ wo ojú àna rẹ̀ kó ní ohun rere tó gbé wá fún òun kò wúlò, kó gbé gbẹ̀rẹ̀fu wá?

Kì í ṣe àdánù yẹn ló dun Sámúẹ́lì jù. Àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Awóyẹmí wà láàyè, ara rẹ̀ le, ó sì ń jókòó sójú kan náà. Ṣùgbọ́n bí Sámúẹ́lì bá dé ibẹ̀, àna àtàtà kan ló máa ń bá lórí àga ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí òun yóò bi pé ibo ni ọ̀rẹ́ òun lọ.

Nígbà tó yá, Eunice jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹrù tẹ́ ẹ máa kó báyìí, òun ló gbẹ̀yìn," ó ní. "Ká tún rí léèsì kan péré kó wọlé yìí, a ti ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Oko àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà ní Agbamu, wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ ebè."

Sámúẹ́lì bẹ̀rù ọkọ́ ju bó ṣe bẹ̀rù kọ́sítọ́ọ̀mù lọ. Kò sùn dáadáa. Nígbà tó máa gbéra, Rónkẹ́ ní òun fẹ́ lọ fi ọmọ han ìyá òun, ó pọn ọmọ, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ Àfísù. Àfísù yìí ni awakọ̀ tó ń kó ẹrù wọn lọ tó ń kó o bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Wọ́n dé Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n béèrè àlàáfíà tán. Awóyẹmí yíjú sẹ́yìn, ó gbé léèsì sílẹ̀.

"Àna wa, èyí ló yẹ yín."

Sámúẹ́lì wo léèsì náà. Ó rí oko Agbamu nínú rẹ̀, ó rí ebè tó lọ bẹẹrẹ. Ó la ẹnu láti dúpẹ́.

"Bàbá mi," Rónkẹ́ ní, "àǹkárá la wá rà."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ọ lò nílé ọkọ nìyẹn?" Awóyẹmí béèrè jẹ́jẹ́. "A kì í gbé àǹkárá lásán fún àna, ọmọ mi."

"Àna kọ́ ló ń rà á. Èmi ni mò ń rà á." Ó ti dé ìdí pẹpẹ, ó ti fa ọ̀kan yọ. "Èló lẹ̀ ń ta èyí?"

Ọmọ ẹni kì í ṣe àna ẹni. Awóyẹmí dá a lóhùn, ó sì sọ iye kan tó ga tó bẹ́ẹ̀, tó burú tó bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé etí Sámúẹ́lì dìde gan-gan. Kò gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìdána. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbìyànjú láti jókòó bí àna ti ń jókòó, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti kúrò lábẹ́ àkóso.

"Rónkẹ́," ó ní, ó sì rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, "jọ̀ọ́, bá mi kí àwọn àna mi. Sọ pé mo ní kí wọ́n má bínú. Kí o wá bi wọ́n bóyá aṣọ yìí kọ́ ni wọ́n fi nu ọkọ̀ ojú irin."

Rónkẹ́ wo bàbá ọkọ rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Awóyẹmí ti gbé abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "bá mi kí bàbá ọkọ rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Sọ pé a dúpẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń tọ́jú rẹ. Kí o wá bi wọ́n pé ajá mélòó ló jẹun nínú abọ́ tí wọ́n kó wá fún wa."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o. Alárinà ni Rónkẹ́ di, ó ń yíjú sí ọ̀tún, ó ń yíjú sí òsì. Àna ò bú àna, wọ́n kàn ń ránṣẹ́ sí ara wọn ni. Sámúẹ́lì ní kí wọ́n bá òun fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn àna òun pé ọ̀kánjúwà kan wà ní àdúgbò yìí, òun ò dárúkọ. Awóyẹmí ní kí wọ́n bá òun sọ fún àwọn àna òun àtàtà pé olè kan ń ti ilẹ̀ Ìgbómìnà wá, òun náà ò dárúkọ. Ọmọ ẹ̀yìn Rónkẹ́ jí, ó bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó wò ó. Awóyẹmí sọ iye tó ní òun ò ní í kúrò lórí rẹ̀ mọ́ láéláé, ẹsẹ̀ Sámúẹ́lì sì dìde fúnra rẹ̀. Ó ká agbádá sórí èjìká. Ó jáde.

Òun ò ronú kàn án. Ẹsẹ̀ ló mọ ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n nígbà àtijọ́ tó máa ń rìn báyìí jáde, oníbàárà lásán ni. Lọ́jọ́ náà àwọn obìnrin ilé Awóyẹmí ń se oúnjẹ àna lọ́wọ́ níta, wọ́n sì rí àna tó jáde láìjẹun, tó ká agbádá, tó ń fi ìbínú lọ. Àjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n Awóyẹmí obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, bojú wẹ̀yìn. Ó rí Rónkẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rí ọmọ tó ń ké, ó rí ẹrù Rónkẹ́ nílẹ̀ tí wọn kò tíì gbé wọlé.

"Yéè!" Àjọkẹ́ figbe ta. "Àna ti bínú lọ o! Wọ́n ti dá ọmọ wa padà!"

Kí ẹni tó tutọ́ sílẹ̀ tó fẹsẹ̀ nù ún, àwọn àgbà ti pé. Ẹnì kan gbé ọwọ́ lé orí. Ẹlòmíràn ti ń béèrè bóyá wọn yóò gba ẹrù ìdána padà.

"Ọjà ni wọ́n ń ná," Rónkẹ́ ní. "Ẹ gbọ́, ọjà ni wọ́n ń ná."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Àna wo ló ń ná ọjà?

Sámúẹ́lì gbọ́ igbe náà níbi tó dúró sí lábẹ́ igi máńgòrò. Ó mọ ohun tó ti ṣe. Bó bá ń bá ọ̀nà lọ, ilé ọmọ rẹ̀ ti dàrú. Bó bá sì padà, àna tó bínú ló padà, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò tọrọ àforíjì, wọn yóò parí ìjà tí kò ṣẹlẹ̀, wọn yóò sì gbé léèsì jáde láti fi tù ú nínú. Ó rí léèsì náà kedere. Ó dúró sójú kan, ó kọjú sọ́nà, ó di igi kejì níbẹ̀.

"Lọ pè é padà," Àjọkẹ́ sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé n kì í pe ẹni tó bá ń lọ padà."

"Mo ní kó o lọ pè é padà! Ṣé ṣọ́ọ̀bù rẹ ló máa fẹ́ ọmọ náà ni?"

Awóyẹmí jáde. Gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ìdí ọkọ̀ ojú irin ló rí i. Ọkùnrin tí kò dìde tẹ̀lé oníbàárà rí láyé rẹ̀ ń rìn ní títì, bàtà rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, àwọn àgbà sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìdí igi, wọ́n dúró, nítorí ọ̀rọ̀ àna sí àna kì í ṣe ti gbogbo etí. Awóyẹmí nìkan ló lọ bá a. Ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí fìlà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Sámúẹ́lì," ó ní.

Sámúẹ́lì ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin yìí láti ọjọ́ ìdána.

"Olè ni ẹ́," Awóyẹmí wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Omi lé ròrò sí ojú Sámúẹ́lì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dùn ún.

"Ìwọ ńkọ́?" ó wí. "Ọ̀kánjúwà ọmọ ọ̀kánjúwà."

"Fìlà rẹ dà?"

Sámúẹ́lì fọwọ́ kan orí rẹ̀. Fìlà wà níbẹ̀. "Mo gbàgbé ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

"Mo rí i níbẹ̀," Awóyẹmí ní, ó sì sọ iye tí yóò gbà lórí àǹkárá.

Sámúẹ́lì ní kó má ya wèrè. Wọ́n ná an níbẹ̀, lábẹ́ igi, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n ń bú ìran ara wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àgbà tó dúró lókèèrè. Wọ́n ná àǹkárá, wọ́n ná abọ́. Ọjà gún. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń padà bọ̀. Àjọkẹ́ nu ojú rẹ̀.

"Kí lo sọ fún un?" ó bi àbúrò rẹ̀.

"Mo bẹ̀ wọ́n ni."

Àjọkẹ́ ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Wọ́n pa adìyẹ. Àgbà kan gbàdúrà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjà wọ àárín àna, àwọn méjèèjì sì ṣe àmín tọkàntọkàn. Àǹkárá ni Sámúẹ́lì kó dé Òmù-Àrán. Eunice tú ẹrù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wá léèsì. Kò rí i. Ó lọ gún iyán.

Láti ìgbà náà, nínú ilé, àna àtàtà ni wọ́n. Tó bá di ti ọjà, wọn yóò ní àwọn fẹ́ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣọ́ọ̀bù gbérí. Kò pẹ́ tó gbérí ni àwọn ológun tún gba ìjọba. Rédíò kan náà tó ti ń pariwo okùn òwò bíi ti ọ̀gá Ìlọrin láti ọdún yìí wá ló fi ohùn kan náà sọ pé ìjọba ti sé ẹnubodè, kí ẹnikẹ́ni má kọjá.

Àwọn kan ń gba inú igbó. Sámúẹ́lì ti dàgbà jù fún igbó. Ó ta ohun tó kù lórí pẹpẹ, ó sì tẹ̀lé Eunice lọ sí Agbamu. Ó kọ ebè. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ lórí ebè: a máa sọ fún iṣu pé kò tó bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti oko dé sí Òmù-Àrán, a máa béèrè lọ́wọ́ Rónkẹ́ bóyá ó gbúròó ilé wọn, Rónkẹ́ a sì ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá Awóyẹmí wà láàyè. Ìyẹn ni Sámúẹ́lì ń bá sùn, òun ló sì ń bá jí. Ó ti bá ọkùnrin náà jà láti ìgbà èwe, kò sì bá a dágbére.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí ẹnubodè padà, Àfísù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọjá. Ó dé láti Ṣábẹ̀ẹ́, eruku ò tíì kúrò lójú rẹ̀ tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Sámúẹ́lì. Sámúẹ́lì àti Eunice jókòó síta, Rónkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà. Àfísù kí wọn, ó dúró, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Ṣé ó wà láàyè?" Sámúẹ́lì ní.

"Wọ́n wà, bàbá. Ara wọn le. Wọ́n rán mi sí yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò ṣeé sọ létí Màmá."

"Sọ ọ́."

Àfísù wo Eunice, ó wo ilẹ̀.

"Wọ́n ní kí n sọ fún olè tó ń gbé ní Òmù-Àrán pé ó gbàgbé fìlà ẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní kó tètè wá mú un kí eku tó jẹ ẹ́."

Eunice wo ọkọ rẹ̀. "Fìlà yín rèé lórí yín," ó ní.

Sámúẹ́lì ti ká agbádá rẹ̀ sórí èjìká, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Àfísù," ó ní, "tún un sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi olè yẹn."